Ewé Gbẹ, Agbára Rẹ̀ Ńkọ́? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Fi Ń Sá Ewé àti Ọ̀nà Tí A Fi Ń Yọ Oje Rẹ̀

Bẹ iṣu, funfun ni. Bọ̀ ọ́, fi í sílẹ̀ nínú omi gbígbóná rẹ̀ di ọjọ́ kejì, sá a títí yóò fi gbẹ, lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, ro ó: àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń já sí. Kò sí ẹni tó pa á láró. Inú iṣu náà ni ohun tó sọ ọ́ di dúdú ti wá. Àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní fínọ́líkì. Ẹ́ńsáìmù kan sì wà níbẹ̀ tí kì í bá wọn gbé yàrá kan náà níwọ̀n ìgbà tí iṣu bá ṣì wà ní odidi. Ọ̀bẹ àti omi gbígbóná ló wó ògiri àárín wọn. Ẹ́ńsáìmù bá èròjà pàdé, afẹ́fẹ́ dá sí i, àwọ̀ sì yí padà. Ẹni tó bá ti gé ìkàn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sè é ti rí irú rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ewé láti ìgbà tí a bá ti já a. A máa ń sọ̀rọ̀ ewé bí ẹni pé agbára rẹ̀ wà níbẹ̀ láìyẹ̀: ewúro ń ṣe báyìí, ẹfínrín ń ṣe tọ̀hún. Ṣùgbọ́n ewúro tí a sá sórí páànù fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí a so rọ̀ sí àjà, èyí tí a fún ní tútù àti èyí tí a rẹ sínú ọtí ti yàtọ̀ síra wọn gan-an kí wọ́n tó dé inú ife. Ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ káàkiri ayé, wọ́n sì ń tako ara wọn débi pé ẹni tó bá ka mẹ́wàá nínú wọn lè rò pé àwọn kan ń purọ́. Wọn kò purọ́. Ìbéèrè tí olúkúlùkù ń dáhùn ló yàtọ̀. Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà sísá tàbí ọ̀nà yíyọ oje kan tó dára jù fún gbogbo ewé. Ọ̀nà tó bá ewé kan mu, tó bá èròjà kan mu, tó sì bá ẹni tí yóò mu ún mu ni a lè wá. Ẹni tó bá sì ń ta ewé, tàbí tó ń ṣèwádìí rẹ̀, tí kò sọ ọ̀nà tó gbà, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ fún wa.

Ìdílé ńlá ni fínọ́líkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Àwọn ló sọ ìṣápá tí a fi ń ṣe sóbò di pupa. Àwọn ló ń mú kí èèpo igi kan fún ẹnu pọ̀ bí a bá jẹ ẹ́ lẹ́nu. Igi àti ewé ń ṣe wọ́n láti fi dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ oòrùn líle, lọ́wọ́ kòkòrò àti lọ́wọ́ àrùn. Nínú ewúro, Igile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994 pé àwọn rí fínọ́líkì kan tó ń jẹ́ luteolin àti ẹ̀yà rẹ̀ méjì mìíràn, wọ́n sì fi hàn pé àwọn èròjà wọ̀nyí lè dá ìbàjẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fà dúró nínú ìgò àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe rò pé àwọn ló sọ ewúro di kíkorò o. Ìdílé èròjà mìíràn ló ni púpọ̀ nínú ìkorò yẹn. Ẹni tó bá ń fi ahọ́n díwọ̀n agbára ewúro gbígbẹ ń díwọ̀n ohun mìíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí a bá ń fọ ewé náà, tí à ń bó o lọ́wọ́ títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi lọ, ìdílé méjèèjì ló ń bá omi lọ.

Ṣé sísá ń dín fínọ́líkì kù ni àbí ó ń fi kún un? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 2004, Oboh àti Akindahunsi ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ lójoojúmọ́. Wọ́n sá wọn sóòrùn. Ewúro àti ẹfínrín wà lára wọn. Fítámì C dínkù púpọ̀. Fínọ́líkì ga sókè. Bí ẹ bá wá ṣí ìwé àwọn tó sá ewé mìíràn níbòmíràn, ẹ ó rí i tí oòrùn kan náà jẹ fínọ́líkì run. Ìdí mẹ́ta ni mo rí tí àwọn èsì yìí kò fi bára mu, ẹ̀kẹta ló sì ń dùn mí jù.

Èkínní wà nínú ewé fúnra rẹ̀. Bí omi ti ń jáde, ògiri sẹ́ẹ̀lì ń wó, àwọn fínọ́líkì tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri náà sì ń tú sílẹ̀. Èròjà tí kò lè jáde nígbà tí ewé wà ní tútù wá rọrùn láti yọ nígbà tó gbẹ. Ewé tí a já kì í sì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Fún wákàtí mélòó kan ó ṣì ń mí, ìyà àìlómi sì lè mú kí ó tún ṣe fínọ́líkì díẹ̀ sí i kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ní òdìkejì, ẹ́ńsáìmù tó sọ àmàlà di dúdú kò sinmi ní gbogbo àkókò yẹn. Èyí tó bá borí nínú eré ìje yìí ló ń pinnu ohun tí a ó bá nínú ewé gbígbẹ, eré náà sì yàtọ̀ láti ewé sí ewé.

Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ẹ mú ewé tútù tó wọn gíráàmù 100. Ká ní 80 nínú rẹ̀ jẹ́ omi, tí gíráàmù 1 sì jẹ́ fínọ́líkì: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ sá a, ó ku gíráàmù 20. Ká ní oòrùn ba ìdajì fínọ́líkì rẹ̀ jẹ́, ó ku ààbọ̀ gíráàmù. Ààbọ̀ nínú 20 jẹ́ ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi ewé tútù wé gbígbẹ láìyọ omi kúrò nínú ìṣirò yóò kéde pé sísá sọ agbára ewé di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, nígbà tí ìdajì rẹ̀ ti ṣègbé. Mo ti rí ìpolówó ewé gbígbẹ tó gbé irú nọ́ńbà báyìí lórí bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Omi àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń lò ni èyí tí Otto Folin àti Vintilă Ciocâlteu gbé jáde ní 1927. Nítorí tyrosine àti tryptophan, tó jẹ́ ara ohun tí a fi kọ́ èròjà amúaradàgbà, ni wọ́n ṣe é. Singleton àti Rossi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí wáìnì ní Kalifóníà, ló tún un ṣe fún fínọ́líkì ní 1965. Omi náà, tó jẹ́ àwọ̀ òféèfèé, máa ń di búlúù bó bá pàdé ohun tó lè fún un ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Fínọ́líkì lè fún un. Fítámì C náà lè fún un, àwọn ṣúgà kan náà lè fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn èròjà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jáde nígbà tí iná bá yan ewé jù. Nítorí náà, ewé tí a gbẹ nínú ààrò tó gbóná rékọjá lè mú omi náà di búlúù dáadáa, kí ó sì jẹ́ pé ìyangbẹ là ń kà ní fínọ́líkì. Omi àyẹ̀wò yìí wúlò, owó rẹ̀ kò ga, ó sì yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé luteolin ló pọ̀ sí i gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wò ó, kí ó rí luteolin fúnra rẹ̀. Ìwádìí tó dúró lórí búlúù nìkan, mo máa ń kà á, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí ó yí mi lọ́kàn padà.

Àwọn àgbà fẹ́ràn ibòji fún ewé olóòórùn dídùn, wọ́n sì jàre. Ẹfínrín ni ẹ̀rí rẹ̀. Thymol, tí ó pọ̀ nínú òróró ẹfínrín ilẹ̀ wa, jẹ́ fínọ́líkì, ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé tó ń fò ni. Òun ni imú ń gbọ́ nígbà tí a bá ya ewé náà. Ooru ń gbé e lọ. Ẹfínrín tí a sá sórí páànù gbígbóná lọ́sàn-án gangan lè dé inú ìkòkò tòun ti rosmarinic acid rẹ̀, fínọ́líkì mìíràn tí kì í fò, kí thymol rẹ̀ sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ sílé ẹlòmíràn. Bó bá ṣe nítorí thymol ni a fẹ́ lò ó, ibòji, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, kí a sì tẹ́ ewé náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ibòji ṣe òfin ni ti ojú ọjọ́. Ibòji inú ọyẹ́ yàtọ̀ sí ibòji inú oṣù keje ní Èkó tàbí ní Oǹdó. Nígbà ọyẹ́, ewé tó tinrin lè gbẹ láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà òjò, ewé kan náà lè wà nínú ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó ṣì máa rọ̀ lọ́wọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́, ewé ń dúdú, ó sì lè bu. Irú ewé bẹ́ẹ̀, ìbá sàn kí a ti fi ooru 50°C tàbí 60°C gbẹ ẹ́ ní wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló fi ìwọ̀n 40°C sí 60°C sí ibi tó fọkàn ẹni balẹ̀ fún ewé. Ohun tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ooru tó ga fún ìgbà kúkúrú lè dáàbò bo fínọ́líkì ju ooru tó rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lọ, nítorí pé ó pa ẹ́ńsáìmù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tíì ló fi èyí hàn jù lọ. Igi kan náà ni tíì aláwọ̀ ewé àti tíì dúdú ti wá. Ní Japan, ooru omi híhó ni wọ́n máa ń fi ta ewé tíì kété tí wọ́n bá já a. Ní Ṣáínà, agbada gbígbóná ni wọ́n máa ń fi yan án. Ẹ́ńsáìmù kú lójú ẹsẹ̀, catechin, fínọ́líkì inú ewé náà, kù síbẹ̀. Fún tíì dúdú, wọn yóò jẹ́ kí ewé rọ, wọn yóò yí i mọ́ra kí ó fara gbọgbẹ́, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù àti afẹ́fẹ́ sọ catechin di theaflavin àti thearubigin, àwọn tó fún un ní àwọ̀ pupa rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀kan bàjẹ́. Ohun méjì ni wọ́n ti dà. Ìyá tó ń bọ ẹ̀fọ́ sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó sá a ń ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn ará Japan ń ṣe, bí kò bá ti jẹ́ kí ó pẹ́ jù, nítorí pé omi tó fi bọ̀ ọ́ náà ń gba fínọ́líkì díẹ̀, a sì sábà máa ń dà á nù.

Máíkírówéèfù ń ṣe dáadáa nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò fún ìdí kan náà: inú ewé ni ooru rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì yára. Bó bá rékọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, jíjó ni. Àwọn onílé ìwádìí ń yin ẹ̀rọ tó ń mú kí ewé dì bí yìnyín, tó sì ń fa yìnyín náà jáde láìjẹ́ kí ó kọ́kọ́ yọ́. Ìyìn náà tọ́, àwọ̀ àti ìrísí ewé kì í yí padà. Àbùkù rẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ ni pé òtútù kì í pa ẹ́ńsáìmù. Ó kàn sùn ni. Da omi tútù sí ìyẹ̀fun ewé bẹ́ẹ̀, yóò jí. Owó rẹ̀ sì ga kọjá ohun tí ẹlẹ́wé ọmọ lè dá lé.

Ìpamọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ewé gbígbẹ tó ṣì ní ọ̀rinrin tó ju bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ wà nínú ewu kí ó bu. Ìyẹ̀fun ń bàjẹ́ kíákíá ju odidi ewé lọ nítorí pé afẹ́fẹ́ ti rí ibi púpọ̀ wọ̀. Ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ kò yẹ fún ìṣápá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń jẹ pupa rẹ̀. Sísá ewé sí etí títì, níbi tí èéfín ọkọ̀ àti eruku ti ń bọ́ sórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é rárá.

Ní báyìí, ewé ti gbẹ. Báwo la ṣe máa yọ ohun inú rẹ̀? Ẹni bá rìn yí ká ọjà Bódè ní Ìbàdàn yóò gbọ́ gbogbo ìdáhùn tí ilẹ̀ wa ní: sè é, fi omi tútù rẹ ẹ́, fi omidùn rẹ ẹ́, fi ọtí rẹ ẹ́, gún un ní àgúnmu, jó o kí o fi fá ẹ̀kọ mu. Olùwádìí Pierre Verger kó irú àkọsílẹ̀ báyìí jọ rẹpẹtẹ sínú ìwé rẹ̀ lórí ewé, tó jáde ní Brazil ní 1995. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé ọ̀nà lílo kì í gbẹ́yìn: ewé wo ni, kí ni a ó ṣe sí i, kí ni a ó fi mu ún. Àwọn babaláwo tó bá a sọ̀rọ̀ kò ya ewé kúrò lára ọ̀nà rẹ̀. Ní ti fínọ́líkì, jíjó nìkan ló parí ẹjọ́ pátápátá. Ewé tó di ẹ̀tù dúdú ti di èédú àti eérú. Ohun tí ẹ̀tù bá ń ṣe, fínọ́líkì kò sí níbẹ̀ láti ṣe é.

Omi gbígbóná dára fún púpọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tó so mọ́ ṣúgà. Èèpo igi àti gbòǹgbò fẹ́ sísè, ewé tinrin fẹ́ kí a da omi híhó lé e lórí kí a sì dé e. Èèpo máńgòrò, tí a máa ń fi sínú àgbo ibà, kún fún fínọ́líkì kan tó ń jẹ́ mangiferin, omi híhó sì ń yọ ọ́ dáadáa. Ní Cuba, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú omi èèpo máńgòrò tí a sè, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní Vimang. Ọ̀nà ìyá alágbo ni, àyàfi pé wọ́n wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá alágbo gbà lọ́wọ́ wọn ni pé sísè kejì kò rí bí sísè kìíní. Omi àkọ́kọ́ ló ń kó púpọ̀ jù lọ. Ìkòkò tí a ń bu omi kún fún ọjọ́ márùn-ún, tí a sì ń tún gbé kaná ní àràárọ̀, máa ń dúdú sí i lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn a sì máa rò pé ó ń le sí i. Fínọ́líkì tí afẹ́fẹ́ àti iná ti bà jẹ́ ló ń dúdú bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ní kí a yọ fínọ́líkì tó pọ̀ jù lọ, àpòpọ̀ omi àti ethanol, ìyẹn ọtí tó wà nínú ohun mímu, ló sábà máa ń borí, láàárín ìdá 50 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ethanol. Omi ń mú kí ewé gbígbẹ wú kí ọ̀nà là, ethanol sì ń tú ohun tí omi nìkan kò lè tú. Ethanol tí kò lómi rárá kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀gógóró tó dára: ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí àwọn onílé ìwádìí wá dé. Èyí dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà ní ààlà. Oṣù kẹrin ọdún 2015 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú wọn ń fọ́, orí ń fọ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní àrùn àjèjì. Methanol, irú ọtí kan tó lóró, ni àyẹ̀wò padà fi hàn pé ó wà nínú ọ̀gógóró tí wọ́n mu. Ọtí tí a kò mọ orísun rẹ̀ kò yẹ fún rírẹ ewé, ọtí èyíkéyìí kò sì yẹ fún àgbo ọmọdé tàbí ti aboyún, bó ti wù kí ó yọ fínọ́líkì tó.

Methanol yìí kan náà, tó pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí fi ń yọ èròjà ewé, nítorí pé ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn níwọ̀n ìgbà tó bá parí sínú ìgò àyẹ̀wò. Ohun tó burú ni kí a ka ìwé náà, kí a rí i pé ewé báyìí ní agbára tó kàmàmà, kí a sì lọ sọ fún ìyá arúgbó kan pé kí ó máa fi omi sè é mu. Ohun tí methanol yọ lè má sí nínú ife ìyá náà rárá. Mo rọ àwọn olùwádìí wa pé, bí wọ́n bá ti ń lo methanol, kí wọ́n tún fi omi sè é, kí wọ́n fi omidùn rẹ ẹ́, kí wọ́n sì kọ èsì wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń mu nìyẹn.

Omidùn yẹ fún àfiyèsí ju bó ṣe ń rí lọ. Ó kan, ìkan rẹ̀ sì ń mú kí ọ̀pọ̀ fínọ́líkì pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́. Kánún jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ẹ bu omi sóbò díẹ̀ sínú ife funfun, kí ẹ fi kánún bíńtín sí i: pupa rẹ̀ yóò di búlúù tàbí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ yóò bàjẹ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kejì, pupa rẹ̀ yóò tàn. Ènìyàn lè torí èyí sọ pé kánún jẹ́ ọ̀tá fínọ́líkì, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ pòròpórò ọkà bàbà. Pupa inú pòròpórò jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, apigeninidin ni olórí rẹ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ooru tàbí nínú kánún bíi ti ìṣápá. Ní orílẹ̀-èdè Benin, omi tí wọ́n fi kánún sí ni àwọn tó ń ṣe wàrà fi ń yọ ọ́ láti fi pa wàrà láró. Kánún tó ba sóbò jẹ́ ló ń ran àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́.

Ti àwọn ẹ̀rọ yá. Franz von Soxhlet, ará Jámánì, gbé ohun èlò rẹ̀ jáde ní 1879 láti fi wọn ọ̀rá inú wàrà. Ó ń yọ èròjà tán pátá, ṣùgbọ́n ó ń sè é fún wákàtí púpọ̀, ìyẹn kò sì bá fínọ́líkì tí ooru ń bà jẹ́ lára mu. Ẹ̀rọ tó ń lo ìró tí etí kò lè gbọ́ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì nílò ooru púpọ̀. Lójú mi, òun ló yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wa kọ́kọ́ fojú sí. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí a tẹ̀ mọ́ra kọjá ìwọ̀n 74 bar ní ooru tó ju 31°C lọ dára fún òróró, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè fa púpọ̀ nínú fínọ́líkì àfi bí a bá fi ethanol díẹ̀ kún un.

Kí àwọn tó ń wá fínọ́líkì púpọ̀ lójú méjèèjì rántí èyí pẹ̀lú: àwọn kan nínú wọn, pàápàá tannin, ń di irin inú oúnjẹ mú kí ara má lè gbà á. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tó ń fi àgbo tó fún ẹnu pọ̀ sin oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, lè máa pa ara rẹ̀ lára láìmọ̀. Kí ó jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn.

A ti rí i ní ilẹ̀ yìí pé ohun tí mo ń béèrè ṣeé ṣe. Láti ọwọ́ ìdílé Ogunyale ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àgbo fún àrùn fọ̀níkú-fọlá-dìde ti dé NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, nígbà tí Charles Wambebe ń darí rẹ̀. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì di Niprisan. Kí àgbo tó lè di oògùn tí a lè fi dán aláìsàn wò, àfi kí ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe gbẹ ẹ́ àti bí a ṣe yọ oje rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí èyí tí a ṣe lónìí bá ti àná mu. Lónìí, ìgò àgbo tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní ìkìlọ̀ lára pé àjọ náà kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò. Ó máa ń ní orúkọ ewé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ṣé oòrùn ni wọ́n sá a sí ni, ṣé omi ni wọ́n fi yọ ọ́ ni àbí ọtí? Ọ̀pọ̀ ìgò kò wí. Kí NAFDAC sọ ọ́ di dandan. Ìlà kan péré ni.

Ẹ̀yin tó ń ra ewé gbígbẹ, ẹ má dúró de NAFDAC. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín léèrè ọjọ́ tó já a, ibi tó sá a sí àti ọjọ́ tí ó gbà kí ó tó gbẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.